Omi tó ń yọ ní ẹsẹ̀ ìdídò: ìdáhùn fún ìyá kan ní ẹ̀bá Sábẹ

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Abúlé kan ní ẹ̀bá Sábẹ (Savè), ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọkọ mi, tó ti di olóògbé, ló fi yẹ̀pẹ̀ di odò kékeré kan sí ẹ̀yìn oko kajú wa; ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ògiri bàráàjì náà, ìyẹn ìdídò wa, gùn tó ìgbésẹ̀ 70, ó ga tó mítà mẹ́rin, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fẹ̀ tó hẹ́kítà kan. Òun la fi ń bomi rin ẹ̀fọ́, a ń sin ẹja nínú rẹ̀, màlúù àwọn ará gàá sì ń mu níbẹ̀. Láti òjò èṣí ni ibì kan ti ń rin ní ẹsẹ̀ ògiri náà, nítòsí igi máńgòrò tí ọkọ mi gbìn. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, omi tó ń yọ níbẹ̀ ti ń pọ́n. Àbúrò ọkọ mi tó ń mójú tó ẹja ti to àpò iyanrìn dí ibi tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà lọ, ó ga tó ìdajì mítà, kí omi lè pọ̀ sí i fún wa, omi sì ti sún mọ́ orí ògiri ku ìdajì mítà báyìí. Ó sì ta àwọ̀n sí iwájú rẹ̀ kí ẹja má baà bá omi lọ. Ó ní ká fi amọ̀ dí ojú ibi tó ń jò, ká sì gé máńgòrò náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe é?”

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Nítorí pé òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹ má fi amọ̀ dí ibi tó ń jò. Ẹ má tíì gé máńgòrò náà. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé kí ó ká àwọ̀n náà kúrò lónìí yìí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àpò iyanrìn kúrò, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí bí ó bá fa gbogbo rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi ìdajì mítà tó ti kó jọ sórí hẹ́kítà kan yóò ya lu ojú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ náà, yóò sì gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò náà, pàápàá àwọn ará gàá, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn sí etí ipa odò náà títí ẹ ó fi tún ránṣẹ́ sí wọn. Nísinsìnyí mo lè wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó sọ nígbà tí ẹbí bá péjọ.

Kò sí ìdídò oníyẹ̀pẹ̀ tí kì í jò. Yẹ̀pẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, bó ti wù kó le tó, omi yóò máa gba inú rẹ̀ sun díẹ̀díẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, ẹni tó bá sì gbọ́n nígbà tó ń mọ ọ́n yóò ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Bí omi tó ń sun náà bá tòrò, tí kò pọ̀ sí i, kò sí ewu kánkán níbẹ̀. Ohun tí ó mú mi yára dá yín lóhùn ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú lẹ́tà yín: ẹ ní omi náà ti ń pọ́n. Omi tó ń rú kò dá wá. Ara ògiri ló ń bù kó lọ. Láti ìta ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bí òkété ṣe ń ti ìta gbẹ́ ihò wọlé: omi á kó hóró yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri níbi tó ti ń yọ, ọ̀nà tí omi ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rìn á sì kúrú díẹ̀, agbára rẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ sí i, á kó hóró mìíràn, ihò náà á sì máa wọ inú ògiri lọ sí ìhà omi. Ó lè fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe èyí láìsí ariwo. Àmọ́ ní ọjọ́ tí ihò náà bá já sí inú omi, ohun tó kù kò ju ọ̀rọ̀ wákàtí díẹ̀ lọ.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì wo ẹnu ibi tí omi ti ń yọ dáadáa. Bí ẹ bá rí òkìtì iyanrìn róbótó kan yí i ká, bí irú èyí tí èèrà máa ń kó sí ẹnu ihò rẹ̀, tí omi ń hó jẹ́jẹ́ ní àárín rẹ̀, a jẹ́ pé ihò náà ti ń rìn. Ẹ fi ìgò ike tó mọ́ gbọn omi náà kún, ẹ dé e, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ má sì mì í títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ohun tó bá sílẹ̀ sí ìdí ìgò náà ni ògiri yín. Ẹ tún fi ìdajì páìpù tàbí páànù darí omi náà sínú korobá kan, kí ẹ fi aago fóònù wo bí ó ṣe pẹ́ tó kí korobá náà tó kún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí omi ìdídò dé. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní àràárọ̀. Bí korobá tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ọjọ́ Ajé bá kún ní ìṣẹ́jú méjì ní ọjọ́bọ̀, tí omi ìdídò kò sì ga ju ti tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ ògiri yẹn.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí n kò fẹ́ amọ̀, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ ni omi kì í tètè gbà kọjá. Ìhà omi ni amọ̀ ti wúlò. Tí ẹ bá fi dí ìhà ẹ̀yìn, omi tó ti wọ inú ògiri kò ní padà síbi tó ti wá. Yóò dúró sínú, yóò máa ga sí i nínú ara ògiri, yóò rin ibi tí kò tíì rin rí, yóò sì yọ níbòmíràn, bóyá lókè, bóyá níbi tí koríko bò tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ògiri tó ti mu omi yó ní ẹ̀yìn lè yọ̀ wálẹ̀ lódindi. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí omi sì ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń pọ́n sí i lójoojúmọ́. Ìgbà tí wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò ni wọ́n tó ráyè tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ibẹ̀ ń fẹ́ ni asẹ́, èyí tí yóò jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ bá a lọ. Iyanrìn odò ni a fi ń ṣe é, èyí tó hóró dáadáa, tí kò ní amọ̀ nínú. Bí ẹ bá fi omi ṣàn án nínú abọ́ tí omi náà sì rú, ẹ tún un ṣàn. Ẹ gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ẹ tẹ́ iyanrìn náà sí i kí ó nípọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ó sì fi mítà kan kọjá ibi tó ń rin ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Lé e lórí ni òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kí òkúta tó tó ìkúùkù wá tẹ̀ lé e, kí ìwúwo rẹ̀ lè tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkè Sábẹ kò jẹ́ kí òkúta wọ́n yín. Omi yóò ṣì máa jáde, ẹ má sì jẹ́ kí èyí já yín láyà. Àwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá tòrò láàárín ọjọ́ kan sí méjì, asẹ́ náà ti mú un. Bí omi bá ń gbé iyanrìn yín lọ bí ẹ ṣe ń dà á, ó ti ju ohun tí ọwọ́ lè ká lọ. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ lọ dojú kọ bí ẹ ó ṣe sọ omi ìdídò kalẹ̀.

Yálà asẹ́ mú un tàbí kò mú un, ẹ gbọ́dọ̀ sọ omi náà kalẹ̀ ní mítà kan, ó kéré tán, kí oṣù Keje tó wọlé, nítorí láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò Sábẹ máa ń lágbára jù. Ẹ má gbẹ́ ògiri láti fi tú omi. Àwọn tó ń ta epo payò (bẹntiróòlù fàyàwọ́) lẹ́bàá ọ̀nà ti fi ọgbọ́n tó dára jù bẹ́ẹ̀ hàn wá, àwọn tó ń fi rọ́bà fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì gíga sínú ìgò tó wà nísàlẹ̀. Tìyó (páìpù) oníke tó fẹ̀ ní mìlímítà 110, tí ara rẹ̀ nípọn (èyí tó fẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe omi ilé ìwẹ̀ yóò fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fa inú rẹ̀), ni kí ẹ gbé gba orí ògiri kọjá, kí ìdí rẹ̀ kan wà nínú omi, kí èkejì sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ ògiri dáadáa, sórí òkúta, kí ó má baà gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ dí ìdí méjèèjì, ẹ pọn omi kún inú rẹ̀ láti ojú kan tí ẹ dá sí òkè, ẹ dí ojú náà pinpin, kí ẹ wá ṣí ìdí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, irú tìyó kan bẹ́ẹ̀ lè sọ omi hẹ́kítà kan kalẹ̀ ní nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lójúmọ́ nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Ìwọ̀n yẹn dára. Ẹ má jẹ́ kí ó ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ lójúmọ́, àyàfi tí ògiri bá ti ń ya, nítorí ìhà tó kọjú sí omi ti mu omi yó; bí omi tó ń gbé e ró bá sá kúrò lójijì, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ yóò yọ́ lọ sínú adágún.

Wàyí o, àwọn àpò iyanrìn. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ sí, nítorí pé ihò ẹsẹ̀ ògiri ń fún yín ní àyè díẹ̀ láti fi wò ó, ṣùgbọ́n òjò òru kan ṣoṣo lè gba orí ògiri kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò bá àbúrò ọkọ yín jà. Ará Kétu ni mí, orí ilẹ̀ pupa tí kànga rẹ̀ jìn púpọ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tó ń wo omi tó ń lọ lójú rẹ̀. Ó ti rí i pé oòrùn ń fà á. Bí oòrùn àti ọyẹ́ bá fa mìlímítà márùn-ún péré lójúmọ́, láàárín 150 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, 75 sẹ̀ǹtímítà ti lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi. Ẹni tó bá rí èyí ní ọdọọdún yóò fẹ́ fi ìdajì mítà kún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi san owó rẹ̀.

Ọkọ yín fi mítà kan sílẹ̀ láàárín ojú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ àti orí ògiri. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ ní àwọn àpò tó ga ní ìdajì mítà ti mú omi sún mọ́ orí ògiri ku ìdajì mítà. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ọ̀nà náà bá fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, ní ọjọ́ tí omi bá kún dé orí ògiri gan-an, yóò lè gbé omi tó tó mítà kúbíìkì 6.8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká fi àgbá onílítà 200 wọ̀n ọ́n: àgbá 34 nìyẹn. Nígbà tí àpò gba ìdajì gíga rẹ̀, àgbá 12 ló kù. Ìdajì gíga lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ju ìdajì agbára lọ ló bá a lọ, nítorí omi tó jinlẹ̀ máa ń sáré ju omi tí kò jinlẹ̀ lọ. Ní ti òjò, ẹ ronú nípa 80 mìlímítà tó rọ̀ fún wákàtí méjì, irú èyí tí ẹni tó ti pẹ́ ní Sábẹ ti rí rí, lórí ilẹ̀ 50 hẹ́kítà láti ẹsẹ̀ àpáta wá sí oko kajú yín. Bí ìdajì rẹ̀ péré bá ṣàn wá, àgbá 100,000 ni, ìyẹn nǹkan bí àgbá 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan jálẹ̀ wákàtí méjèèjì, ní àárín òjò náà yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀nà tí ọkọ yín ṣe yóò gbé e lọ. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí kò ní lè gbé e, omi yóò sì gba orí ògiri kọjá. Nígbà tí omi bá ti ń ṣàn lórí yẹ̀pẹ̀ tí a kò fi òkúta bò, yóò máa gé e láti ẹ̀yìn bí ìgbà tí a ń fi ọ̀bẹ gé àkàsà.

A kò sì tíì ka àwọ̀n mọ́ ọn. Ewé kajú, pòròpórò àgbàdo àti igi tí àgbàrá bá gbé wá yóò dí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, òru ni èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti rí irú èyí. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ra ìdídò oníyẹ̀pẹ̀ kan tó ń jẹ́ South Fork láti máa pẹja níbẹ̀ fún ìgbádùn. Wọ́n gé orí ògiri náà wálẹ̀ díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gba orí rẹ̀, wọ́n sì ta asẹ́ irin sí ẹnu ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹja wọn má baà lọ. Àwọn páìpù tí à bá fi tú omi láti ìsàlẹ̀ ti di yíyọ kúrò ṣáájú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtírí dí asẹ́ náà, omi gba orí ògiri, ògiri náà sì lọ. Ènìyàn 2,209 ló kú ní Johnstown àti àwọn ìletò tó wà lójú ọ̀nà omi náà. Ìdídò tiwọn tóbi ju tiyín lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àwọ̀n ẹja náà ló wà níbẹ̀ àti níbí. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, ní Solai ní orílẹ̀-èdè Kenya, ìdídò oníyẹ̀pẹ̀ kan nínú oko aládàáni ya ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40, tí àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Ẹja yín kò ní ṣòfò. Kí àbúrò ọkọ yín ta àwọ̀n náà sínú omi níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ó gùn bí ọgbà tó yí igun kan nínú adágún ká. Àwọ̀n tó gùn nínú omi tí kò sáré kì í tètè dí, bí ó bá sì dí, kò ní dí ọ̀nà omi. Ní ti omi tó ń fẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, ẹ kó ẹrẹ̀ tó ti kún ìsàlẹ̀ adágún fún ohun tó lé ní ogún ọdún jáde, kí ẹ dúró jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri ní mítà mẹ́wàá nígbà tí ẹ bá ń wa á. Ẹrẹ̀ náà yóò dára fún oko ẹ̀fọ́ yín. Omi tó bá jinlẹ̀ ni oòrùn kì í lè fà tán.

Mo mọ̀ pé máńgòrò yẹn kì í ṣe igi lásán lójú yín. Síbẹ̀ kò lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi, inú ògiri sì ni omi wà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tíì gé e ni pé gbòǹgbò tó bá kú sínú ògiri yóò jẹrà láàárín ọdún díẹ̀, yóò sì fi ihò tó ṣófo sílẹ̀ ní ìrísí ara rẹ̀, kùkùté tí a bá sì hú nígbà òjò yóò ṣí ògiri sílẹ̀ fún omi. Ẹ mú èso rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún yìí, kí ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sí iwájú ilé. Ní oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì, nígbà tí omi bá ti fà, kí ẹ gé e, kí ẹ hú kùkùté rẹ̀ àti gbogbo gbòǹgbò tó bá nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Yẹ̀pẹ̀ alámọ̀ ni kí ẹ fi dí kòtò rẹ̀ padà, ní ìpele tí kò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ gún ìpele kọ̀ọ̀kan kí ó le kí èkejì tó gun orí rẹ̀, bí àwọn baba wa ṣe ń mọ ilé amọ̀ ní ìpele-ìpele. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fún un bí ìṣù ẹ̀bà, kí ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ láti ìbàdí. Bí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó gbẹ jù. Bí ó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó fi omi sí yín lọ́wọ́, ó tutù jù. Èyí tó là sí méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí ọ̀gán lórí ògiri tàbí níbi tí ògiri ti pàdé òkè, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wa á dé ibi tí yàrá ikán parí sí. Koríko kúkúrú tó ń rá lórí ilẹ̀ nìkan ló yẹ kí ó wà lára ògiri.

Ilẹ̀ náà lè jẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n odò tó gba inú rẹ̀ kọjá kì í ṣe tiyín nìkan; òfin kan wà lórí ìlò omi ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin 2010-44 ti ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2010. Ẹ kọ ìwé sí mẹ́ẹ̀rì Sábẹ pẹ̀lú ìfọwọ́sí baálẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ sì béèrè pé kí onímọ̀ ẹ̀rọ wá wò ó. Ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí òjò tó le.

Ohun kan wà tí lẹ́tà yín kò mẹ́nu bà. Ẹ ní ẹ ń fi omi náà bomi rin ẹ̀fọ́. Ǹjẹ́ páìpù kan wà tí ọkọ yín rì sábẹ́ ògiri láti máa fi tú omi sí oko? Ẹ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà, kí ẹ wá ẹnu rẹ̀ nínú koríko. Bí ó bá wà, tí ó sì bọ́ sí ọ̀gangan ibi tó ń rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà má kan máńgòrò rárá: omi fẹ́ràn láti máa bá ẹ̀gbẹ́ páìpù rìn, níbi tí yẹ̀pẹ̀ kò ti lè gún dáadáa, irin tó bá sì ti dógùn-ún yóò máa da omi sínú ògiri láti inú. Ẹ má fà á yọ, ẹ má sì fi tipátipá yí ẹnu rẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ àti ti ìgò tó wà lórí tábìlì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tí korobá gbà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.